Irin, Okùn àti Rọ́bà: Ohun Èlò Ìdárayá Inú Ilé fún Ará Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí ni àwọn ohun èlò kéékèèké tí ènìyàn lè fi sí yàrá, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ láti fi mú ara le, láìjẹ́ pé ó ra àwọn irin wúwo tí wọ́n ń tò sí ilé ìdárayá ńlá tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jíìmù. Irú ìdárayá tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni a lè pè ní ìdárayá afara-ẹni-ṣẹrù, ìyẹn ni pé ìwúwo ara ẹni tó ń ṣe é gan-an ni ẹrù tí iṣan rẹ̀ yóò gbé, yálà ó dojú bolẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, tàbí ó lóṣòó tó sì dìde, tàbí ó rọ̀ mọ́ irin tó sì fa ara rẹ̀ títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kọjá irin náà. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: nínú ilé tó wọ́pọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ibi tí ènìyàn yóò ti ti ara rẹ̀ sókè pọ̀ jaburata, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti fa ara rẹ̀ sókè ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ohun èlò tó yẹ kí owó kọ́kọ́ bá lọ ni èyí tó ń pèsè ibi fífà.

Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, jẹ́ ìlú oríta. Títì márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù bọ̀ tó ń lọ sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ipò oríta yìí ló mú ìlú náà wọ inú ìtàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra tó gba Bìní forí lé ọ̀nà Èkó, tí wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn padà, tí "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" fi di gbólóhùn tí Yorùbá tí kò fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà rí ń sọ. Oríta náà ló tún pín àwọn aráàlú sọ́nà méjì ní ti lílo ara. Àwọn kan wà tí agbára ni iṣẹ́ wọn: àwọn agégi àti àwọn tó ń ru pákó ní sómìlì, àwọn tó ń kó ẹrù sínú tírélà, àwọn tó ń kọ ẹyìn àti àwọn tó ń ṣa kòkó. Àwọn mìíràn sì wà, tí iye wọn ń pọ̀ sí i, tí ìjókòó ni iṣẹ́ wọn: awakọ̀ tó ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí di sítíárì mú, ọlọ́kadà, ìyá olóúnjẹ tó jókòó ti ìkòkò létí títì, olùtajà inú ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹgbẹ́ kejì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Iṣẹ́ agbára àti ìdárayá kì í ṣe ohun kan náà, nítorí pé iṣẹ́ ló ń yan ẹrù fún òṣìṣẹ́, kì í ṣe ara òṣìṣẹ́ ló ń yan ẹrù. Ẹni tó ń fi èjìká ọ̀tún ru pákó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò lágbára ní èjìká ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa ro ó ní alẹ́, nígbà tí ìdárayá tí wọ́n fètò sí máa ń pín iṣẹ́ dọ́gba fún ọ̀tún àti òsì, fún iwájú àti ẹ̀yìn, tó sì máa ń sọ ìgbà tí ara gbọ́dọ̀ sinmi.

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, àjọ náà dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó ń mú èémí yára, irú bíi ìrìn kíákíá, kí ó sì tún máa fi ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó ń mú iṣan le, èyí tí yóò kan gbogbo iṣan ńlá inú ara. Fún ẹni tó ti pé ọdún 65, wọ́n fi kún un pé kí ó fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe èyí tó ń mú okun àti ìdúró ẹsẹ̀ dára kí ó má baà máa ṣubú. Apá kìíní ìmọ̀ràn yìí ni etí àwọn ènìyàn gbọ́, nítorí ìdí èyí ni àwọn tó ń rìn tàbí tó ń sáré ní ìdájí kò fi ṣọ̀wọ́n mọ́. Apá kejì kò fi bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, iṣan ènìyàn a máa dín kù ní nǹkan bí ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Iṣan kì í sì í ṣe fún gbígbé ẹrù nìkan. Òun ni ibi tó tóbi jù tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ lẹ́yìn oúnjẹ, ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń gba ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà níyànjú pé kí ó mú iṣan rẹ̀ le.

Ìbéèrè tó kàn ni bí ara ẹni ṣe lè jẹ́ ẹrù tí ènìyàn ń dín kù tàbí tí ó ń fi kún, nítorí pé ẹni tó bá gbé irin lè yọ irin kúrò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yọ ara rẹ̀ kúrò lára ara rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú igun tí ara wà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, nínú èyí tí wọ́n fi òṣùwọ̀n sábẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe prẹsọ́ọ̀pù, ìyẹn dídojú bolẹ̀ láti fi ọwọ́ ti ara sókè, fi hàn pé ẹni tó bá ṣe é nílẹ̀ pẹrẹsẹ bó ṣe wọ́pọ̀ ń gbé nǹkan bí ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀. Bí ó bá fi eékún lélẹ̀, ó di ìdá 49. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé orí ohun tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, ó di ìdá 41. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló gbé lé irú gíga bẹ́ẹ̀, ó di ìdá 74. Fún ẹni tó wúwo tó kílò 70, ìtumọ̀ èyí ni pé ẹrù rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí kílò 29 bí ó bá fi ọwọ́ ti etí tábìlì kúkúrú, kílò 45 nílẹ̀, àti kílò 52 bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé orí tábìlì náà, èyí tó ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Tábìlì kan ṣoṣo, tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, ti di ohun èlò mẹ́ta. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ìgbéraga ṣe ọgọ́rùn-ún prẹsọ́ọ̀pù nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò mọ̀ pé ìfaradà ló ń kọ́, kì í ṣe okun. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ sókè tí ó sì rọra máa sọ̀ kalẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò mú un làágùn.

Ohun èlò tí wọ́n ń tà fún prẹsọ́ọ̀pù ni ọ̀pá kúkúrú méjì ẹlẹ́sẹ̀, tí ènìyàn ń dì mú dípò kí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọrùn ọwọ́ yóò wà ní títọ́, èyí tó ń tu ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn lára, àti pé àyà lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí ọwọ́ wà. Kò sí ìdí láti rà á láti òkè òkun. Káfíńtà tó bá rí àjákù igi líle ní sómìlì Ọ̀rẹ̀ lè gbẹ́ méjèèjì, kí ó fá a, kí ó fi yanrìn-pépà dán an, kí ó sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó láti má dojú dé. Ní ti ìdárayá ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: lílóṣòó àti dídìde kò béèrè ohunkóhun, àga onígi tó dúró gbọn-in ti tó fún àgbàlagbà tí yóò máa jókòó tí yóò sì máa dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, ẹni tó bá sì ti le jù bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn lórí àga kí ó máa fi ẹsẹ̀ kejì nìkan sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni fífà. Iṣan ńlá tó wà ní ẹ̀yìn, tó fẹ̀ láti abẹ́ apá títí dé ìbàdí, pẹ̀lú àwọn tó wà láàárín egungun èjìká méjèèjì, iṣẹ́ wọn ni láti fa nǹkan wá sọ́dọ̀ ẹni tàbí láti fa ẹni lọ sọ́dọ̀ nǹkan, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè ṣe lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ láìsí ohun èlò tó lè fún wọn ní ẹrù gidi. Ẹni tó bá ń ṣe prẹsọ́ọ̀pù nìkan yóò máa mú iṣan àyà le, èyí tó ń fa èjìká síwájú, nígbà tí ìjókòó àti sítíárì ti ń fa èjìká náà síwájú tẹ́lẹ̀. Àwọn ajàkadì mọ èyí dáadáa, nítorí pé nínú gídígbò, fífa ẹnìkejì mọ́ra ló ṣáájú gbígbé e ṣubú. Odunayo Adekuoroye, ọmọbìnrin Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó gba góòlù ìjàkadì ní Ìdíje Àwọn Orílẹ̀-èdè Commonwealth ní ọdún 2014, 2018 àti 2022, ń ṣe eré tí agbára ẹ̀yìn àti ọwọ́ ìdìmú ti ń pinnu ẹni tí yóò borí.

Ohun èlò fífà tó lókìkí jù ni ọ̀pá ìdábùú. Ní ọdún 1811 ni olùkọ́ ará Jámánì kan, Friedrich Ludwig Jahn, ṣí pápá ìdárayá ní Hasenheide lẹ́bàá Berlin, níbi tó ti mú kí ọ̀pá ìdábùú àti ọ̀pá oníbejì di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń dárayá ní gbangba. Nígbà tó yá, ìjọba Prussia bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń péjọ fún agbára, wọ́n fi Jahn sí àtìmọ́lé ní ọdún 1819, wọ́n sì fi òfin de irú pápá bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1820 títí di ọdún 1842. Ọ̀pá tí àwọn eléré ìdárayá ń lò ní ìdíje àgbáyé lónìí nípọn tó mìlímítà 28, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lè dì yí ká dáadáa.

Èyí tí wọ́n ń tà fún ilé jẹ́ oríṣi méjì. Oríṣi kan ni wọ́n ń fi sáàárín férémù ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń yí títí yóò fi gùn tí yóò sì há mọ́ ara ògiri méjèèjì. Oríṣi kejì ní apá tí wọ́n ń fi kọ́ etí òkè férémù, tí ìwúwo ẹni tó rọ̀ mọ́ ọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwọn tó ṣe oríṣi kejì rò pé igi fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ etí síta yí ilẹ̀kùn ká, bó ṣe rí nínú ilé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó kò rí bẹ́ẹ̀: férémù pákó ni wọ́n kàn mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì rẹ́ ẹ dọ́gba mọ́ ògiri náà, tàbí kí ó jẹ́ ilẹ̀kùn onírin tí páànù férémù rẹ̀ kò nípọn. Ọ̀pá oríṣi kìíní kò ní ibi tó le tí yóò há mọ́, ti oríṣi kejì kò sì ní etí tí yóò kọ́. Bí ẹni tó wúwo bá rọ̀ mọ́ ọn, ìṣó férémù lè fà yọ, kí òun náà sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ilé àyágbé tún ní onílé tí yóò dáhùn fún. Ìdájọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lórí ọ̀pá ẹnu ọ̀nà ni pé kò bá ọ̀pọ̀ ilé agbègbè yìí mu, kí ènìyàn má ṣe rà á kí ó tó wo férémù rẹ̀ fínnífínní.

Ohun tó bá ilé mu ni páìpù ní ẹ̀yìnkùlé. Wẹ́dà tó ń ṣe géètì lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Òpó irin méjì ni yóò dúró, tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ tó ìdajì mítà ó kéré tán, tí wọ́n sì da kọnkéré yí ká. Páìpù ni yóò dábùú wọn lókè. Páìpù tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní ínǹṣì kan ló yẹ, nítorí pé láti òde dé òde ó jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 33, ọwọ́ yóò sì ká a. Ti ínǹṣì méjì, tí àwọn wẹ́dà kan yóò fẹ́ lò nítorí pé ó le, jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 60, kò sí ọwọ́ tó lè dì í pẹ́. Kí wọ́n fá ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ kí ó má baà gé ọwọ́, kí wọ́n sì fi páìpù kejì sí gíga ìbàdí lára òpó kan náà, nítorí ìdí tó ń bọ̀ yìí.

Púlọ́ọ̀pù, ìyẹn fífa ara sókè títí àgbọ̀n yóò fi kọjá irin, kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ lè ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìtìjú rẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà padà wá síbẹ̀. Páìpù ìsàlẹ̀ ló ń yanjú rẹ̀. Ènìyàn yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, yóò di páìpù mú, yóò na ara gbọọrọ láti gìgísẹ̀ dé orí, yóò sì fa àyà rẹ̀ dé ara irin. Bí ó bá ṣòro, yóò ká eékún, bí ó bá rọrùn, yóò na ẹsẹ̀ síwájú. Nígbà tí ó bá lè ṣe mẹ́wàá, yóò lọ sí páìpù òkè, yóò kọ́kọ́ kàn rọ̀ mọ́ ọn fún ìwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà, lẹ́yìn náà yóò gun àpótí kí àgbọ̀n rẹ̀ lè wà lókè irin, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò, yóò sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Iṣan a máa lè mú ẹrù sọ̀ kalẹ̀ ju èyí tí ó lè gbé sókè lọ, nítorí náà ẹni tí kò tíì lè fa ara rẹ̀ sókè lè fi sísọ̀ kalẹ̀ kọ́ agbára tí yóò fi gòkè.

Ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé lè lo okùn. Ní ọdún 1997 ni ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan, Randy Hetrick, tó wà lójú iṣẹ́ níbi tí kò sí irin ìdárayá, fi bẹ́líìtì aṣọ ìjàkadì àti okùn párásúùtì rán nǹkan tó fi ń fa ara rẹ̀. Ohun náà ló di okùn ìdárayá tí gbogbo ayé mọ̀ sí TRX. Okùn méjì ni, tí ìdìmú wà ní ìdí wọn, tí ènìyàn ń so mọ́ òkè. Bí ó bá ṣe ń rìn síwájú lábẹ́ rẹ̀ ni ẹrù ń pọ̀ sí i. Kò sí ìdí láti rà á láti òkèèrè ní ìlú tí tírélà ti ń sùn: bẹ́líìtì fífẹ̀ tí àwọn awakọ̀ fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ lágbára ju ìwúwo ènìyàn lọ lọ́nà púpọ̀, bí kò bá tíì gbó, tí oòrùn kò sì tíì jẹ ẹ́. Kí ènìyàn so ó mọ́ ẹ̀ka igi tó tóbi tàbí igi òrùlé tó rí ojú rẹ̀, kì í ṣe mọ́ àjà, nítorí pé páálí tàbí pákó pẹlẹbẹ lásán ni ọ̀pọ̀ àjà. Òrùka onígi, irú èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń rọ̀ mọ́, náà ṣe é so bẹ́ẹ̀. Ti ìdíje fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18 nínú, ó sì nípọn tó mìlímítà 28, ìwọ̀n tí oníṣẹ́ igi lè tẹ̀ lé.

Rọ́bà ni ohun èlò kẹta, òun ló sì sún mọ́ ilẹ̀ yìí jù, nítorí pé oko rọ́bà wà ní Aráròmí-Obu nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó gan-an. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn tó ń kọ igi náà ń fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ ní ìlà tó dagẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú, tí oje funfun yóò sì máa ṣàn sínú ife tí wọ́n so mọ́ ìdí ìlà náà. Oje náà nìkan kò wúlò fún okùn ìdárayá, nítorí pé a máa lẹ̀ nínú ooru, a sì máa gan nínú òtútù. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, ló rí i ní ọdún 1839 pé bí wọ́n bá pò ó mọ́ imí-ọjọ́ tí wọ́n sì fi iná sí i, yóò máa nà, yóò sì máa padà sí ipò rẹ̀ láìbàjẹ́. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí irin ni pé bí okùn rọ́bà bá ṣe ń nà ni ó ń wúwo sí i, irin sì wúwo bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ènìyàn bá so ó mọ́ páìpù òkè tí ó sì ki ẹsẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò gbé e sókè jù nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí púlọ́ọ̀pù ti ń le jù fún ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì jókòó sílẹ̀, tí ó fi àárín okùn náà kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tí ó fa ìdí rẹ̀ méjèèjì wá sí ìhà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí iṣẹ́ ṣe láìsí páìpù rárá. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù lè ṣe èyí lórí ẹní.

Túùbù inú táyà tí àwọn fọkanáísà ń jù nù lè ṣe iṣẹ́ kan náà bí wọ́n bá gé e gígùn gígùn, tí wọ́n sì fọ̀ ọ́. Ewu rẹ̀ kò kéré, nítorí pé rọ́bà tó bá já nígbà tó nà lè ta sójú. Oòrùn, ooru àti epo ló ń ba rọ́bà jẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í kọ́ orí okùn aṣọ tàbí jẹ́ kí epo pupa kàn án. Kí ó yẹ gbogbo gígùn rẹ̀ wò kí ó tó fà á, ibi tí ojú rẹ̀ bá sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó sọ ọ́ nù.

Àwọn ohun èlò yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọnkéré tí àwọn ọ̀dọ́ ń rọ sínú agolo ọ̀dà, tí wọ́n fi páìpù so méjì pọ̀, kò burú, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kì í dọ́gba, ó sì máa ń sán. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń yí síwájú láti mú ikùn le dára fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti le, ó sì léwu fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Bẹ́líìtì oníná tí wọ́n ń polówó pé yóò jó ọ̀rá ikùn nígbà tí ènìyàn ń wo tẹlifíṣọ̀n, owó òfò ni.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá èémí dúró nígbà tó bá ń fa ara tàbí tó ń ti ara, nítorí pé dídá èémí dúró ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga lójijì. Kí ó mí sóde nígbà tí ó bá ń gòkè, kí ó sì ti rí dókítà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, pẹ̀lú ìsinmi ọjọ́ kan láàárín, nítorí pé ìgbà ìsinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tó wà ní ọjà Ọ̀rẹ̀ sì ti tó láti bọ́ iṣan náà láìsí ìyẹ̀fun amúṣanle inú agolo.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, tí ilé ìdárayá tì pa, àwọn tó ní irin tàbí okùn nílé nìkan ni ìdárayá ìfàra wọn kò dúró. Ẹ̀kọ́ yẹn kan àwọn tó ń ṣètò ìlú pẹ̀lú. Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní Ọ̀rẹ̀, ó wà ní Odígbó, ọ̀pọ̀ wọn ní òpó gọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìdábùú tí ọmọdé lè rọ̀ mọ́ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní pápá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi páìpù dábùú wọn ní gíga mẹ́ta, fún ọmọdé, fún obìnrin àti fún ọkùnrin gíga, kí wọ́n sì fi ọ̀kan sí gáréèjì, níbi tí awakọ̀ ti ń dúró de èrò.